Ìgbátí Àlùkíńbà Ilé Wa

Nígbà tí mo ṣì wà ní ọmọdé, tí wàláà tí mò ń gbé lọ sí ilé kéwú fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó èmi tí mò ń gbé e, kò sí aṣọ kan tí wọ́n ń pè ní aṣọ tó parí ní agboolé wa bí kò bá tíì ní ìgbátí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò gbọ́ ọ rí. Ìgbátí. Mo bi àwọn ọmọ ilé wa léèrè ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Ọ̀kan ní páípìn ni. Òmíràn ní lésì etí aṣọ ni, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní yáàdì yáàdì ní ọjà Póósìtì Ọ́fíìsì ní Ìlọrin níbí. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀. Mo dìde, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wọlé padà, mo tún jáde. Ẹni tó dàgbà tó mi kò yẹ kó máa lọ kó máa bọ̀ báyìí nínú ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó, mo tún ti dìde. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Ẹ má jẹ́ kí télọ̀ kankan tàn yín. Ìṣẹ́tí kọ́ ni ìgbátí. Ìṣẹ́tí ni kí á ká etí aṣọ padà sínú kí á rán an mọ́ ara rẹ̀. Aṣọ náà ló ń tún ara rẹ̀ ṣe. Wájawàja náà kọ́. Wájawàja ni òwú tí a fi sílẹ̀ létí aṣọ kó máa fì. Ìgbátí ni aṣọ mìíràn, tẹ́ẹ́rẹ́, tí a gé wá láti ibòmíràn, tí a fi bo etí aṣọ yìí láti òde dé inú kí ó má baà tú. Aṣọ kan ló wá gba aṣọ kejì lọ́wọ́ ìtúká. Ọrùn agbádá ń ní in. Ìró àwọn ìyá wa ń ní in. Aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ gàárì ẹṣin lọ́jọ́ ọdún Iléyá, ìgbátí tirẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, pupa àti àwọ̀ ewé, ó ń kọ mànà bí ẹṣin bá ń jó. Ará Ìlọrin ìgbà náà á wo etí aṣọ yín kí ó tó wo àárín rẹ̀. Ó lè má mọ orúkọ yín, ṣùgbọ́n ìgbátí á ti sọ fún un bóyá ilé yín ní ìyá tó ń tọ́jú nǹkan tàbí kò ní.

Mo kàwé. Mo lọ sí yunifásítì, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. N kò sọ èyí kí ẹ lè kí mi kú iṣẹ́. Mo sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé ìyá arúgbó kan ló kàn ń kùn. Mò ń kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń kùn sí, mo sì mọ ibi tí ìwà àìdáa náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ hù ú, àti ẹni tó tún un hù.

Agboolé wa ní àlùkíńbà kan. Ẹ̀wù fífẹ̀ tí a ń gbé kọ́ èjìká ni, tó ní ìborí lẹ́yìn, irú èyí tí àwọn ọba àti àwọn àáfà ńlá ń wọ̀. Tiwa kì í ṣe ti ọkùnrin. Àwọn ọmọbìnrin ilé ló ń wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ wòlímọ̀, ìyẹn ọjọ́ tí ọmọ tó parí kéwú ń jókòó níwájú àwọn àáfà, tí yóò kà nínú Àlùkùránì kí gbogbo ẹbí gbọ́, kí wọ́n tó mú un lọ sílé ọkọ. Ẹ̀wù kan ṣoṣo fún gbogbo wa. Bí ọ̀kan bá wọ̀ ọ́ tán, wọ́n á sá a sí ibòji, wọ́n á ká a sínú àpótí irin pẹ̀lú káńfọ̀, ó tún di ìgbà tí ọmọbìnrin mìíràn bá tó o wọ̀.

Kí ọmọ tó wọ̀ ọ́, ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìgbátí tirẹ̀ kún un. Kò gbọdọ̀ tú ti ẹni tó ṣáájú. Orí ti àwọn tó ṣáájú ni yóò rán tirẹ̀ lé. Kì í sì í ṣe aṣọ kan ṣá. Inú ọ̀já tó fi pọn ọmọ náà ló gbọ́dọ̀ ti gé e. Ọmọ tó sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá, kí ẹ̀yìn ìyá náà sìn ín lọ, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nìyẹn. Nígbà tí ojú mi fi máa là sí i, etí àlùkíńbà náà ti nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ. Ó wúwo. Àwọn tó ti wọ̀ ọ́ ń sọ pé bí èèyàn bá fẹ́ dìde, ẹ̀wù náà á kọ́kọ́ dì í mú díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan fa aṣọ rẹ lẹ́yìn pé, dúró ná.

Ṣùgbọ́n èèyàn ni wá. Nígbà tí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn ọkọ, àwọn ìyàwó ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí kò pọn ọmọ rí ṣe ìgbátí. Ẹnì kan mú sányán wá. Ẹlòmíràn mú sàtíìnì wá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fi sàtíìnì pọn ọmọ? Ọmọ á yọ̀ ṣubú. Gbogbo wọn ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, nítorí bí o bá tú àṣírí ti aládùúgbò rẹ, wọn á bi ọ́ pé tìrẹ ńkọ́. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. N kò ní parọ́ fún yín pé ìgbà èwe wa mọ́ bí omi òjò.

Ìyá mi kì í ṣe ọmọ ìgboro. Òkè-Oyì ni wọ́n ti gbé e wá, ọmọ àgbẹ̀, òun ló sì kéré jù nínú àwọn ìyàwó agboolé. Ìyàwó Òkè-Oyì ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n á fa ìparí rẹ̀ gùn, bí ẹni ń fa igi ìdáná wọ̀lú. Ìyá tó bí i ló hun kíjìpá tó fi ṣe ọ̀já fún un, láti inú òwú tí wọ́n gbìn fúnra wọn. Ẹlú ni wọ́n fi pa á láró, ó dúdú débi pé bí oòrùn bá kàn án, á máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀já yẹn ló fi pọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Òun náà ló fi pọn èmi. Mo ṣì lè gbọ́ òórùn rẹ̀ báyìí tí mò ń kọ̀wé: aró, èéfín, àti ọrùn ìyá mi.

Nígbà tí wòlímọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn obìnrin ilé pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun àláásárì. Wọ́n tẹ́ àlùkíńbà sórí ẹní. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó tú ọ̀já rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wù náà, ó fi ọwọ́ nà án títí ó fi tẹ́jú. Èmi ni mo mú abẹ́rẹ́ àti òwú dání.

Ìyálé ilé wa ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà. Obìnrin tó ga, tó mọ aṣọ, tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè nítorí kò nílò rẹ̀. Ó fi orí ìka gbé igun ọ̀já náà, bí ẹni gbé ìrù eku.

"Kí lèyí?"

"Ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́n ni, Ìyá wa."

"Ìyàwó Òkè-Oyì, àpò ẹlùbọ́ lo fẹ́ kí ọmọ wa wọ̀ jókòó níwájú àáfà? Bí wọ́n bá ṣe àdúà tán, kí á wá wọn ẹlùbọ́ fún wọn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo mọ àwọn tó rẹ́rìn-ín, mo sì mọ ẹni tó tún ọ̀rọ̀ náà sọ kí ẹni tó jókòó lọ́nà jíjìn lè gbọ́. Gbogbo wọn ti kú, Ọlọ́run á fi ọ̀run kẹ́ wọn, n kò ní dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n.

Ìyá mi kò gbé ọ̀já rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó kàn kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wo ẹní. Ẹ̀rín náà ń tán díẹ̀díẹ̀, kò sì dìde. Èmi ni ara mi ń ta. Mo fẹ́ kó sọ nǹkan, tàbí kó dìde kí á máa lọ. Abẹ́rẹ́ tí mo dì mú ti gún mi lọ́wọ́, n kò tilẹ̀ mọ̀.

Àbúrò bàbá bàbá mi wà lórí àga lẹ́bàá ògiri. Ọmọbìnrin agboolé wa gan-an ni, tó ti padà sílé lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀wù náà wá. Wọ́n gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá ọrùn rẹ̀, níbi tí irin ìkọ́ tí wọ́n fi ń so ẹ̀wù mọ́ ọrùn ti jẹ ìgbátí ọjọ́ pípẹ́, tí aṣọ sì ti là sí ara wọn bí ewé ìwé àtijọ́. Ó ki ìka bọ̀ ọ́ títí ó fi kan ti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó wá na ọwọ́ kejì síta pé kí ìyálé fún òun ní ọwọ́ rẹ̀.

"Fọwọ́ kàn án. Kí ni?"

Ìyálé fọwọ́ kàn án. "Kíjìpá ni, Ìyá."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ìyá mi ló fi èyí sí i. Ṣé ẹ wọn ẹlùbọ́ lọ́jọ́ tèmi?"

Bó bá jẹ́ ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ọmọdé ni, ibẹ̀ ni à bá ti pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyálé ní kò burú, kí ìyàwó rán ọ̀já rẹ̀ mọ́ ọn, òun kì í ṣe ẹni tí yóò ba àṣà ilé jẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti rán an tán, òun yóò fi àrán pupa bò ó, nítorí àlejò ń bọ̀, ọ̀rọ̀ inú ilé kì í ṣe ohun tí à ń gbé hàn lóde. Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Àbúrò bàbá bàbá mi gan-an kò tún sọ̀rọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ ríyẹn? Wọ́n fún ìyá mi ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbà á padà kó tó kúrò lórí ẹní. Mo ti ka ìwé òfin díẹ̀ láyé mi, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ja èèyàn lólè lọ́nà tó gún régé tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi rán an. Ó fi ìda oyin pa òwú kó tó fi í sójú abẹ́rẹ́, ó sì ń tò ó wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà, ó ń fà á le lójú kọ̀ọ̀kan kó tó ki abẹ́rẹ́ bọ òmíràn. Èmi ni mò ń bá a ki òwú. Mo bi í pé kí ló dé tí ó ń ṣe wàhálà tó báyìí lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Kò gbójú sókè.

"Abẹ́ ni ìpìlẹ̀ ń gbé. Fa òwú yẹn wá."

Ọjọ́ kejì ìyálé gbé àrán rẹ̀ lé e lórí, ó rán an fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó parí kí omi tó hó lórí iná. Ọjọ́ wòlímọ̀ pé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó kà á já gaara, àwọn èèyàn sì ń sọ pé ẹ wo àrán, ẹ wo bó ṣe pọ́n. Ìyá mi wà lẹ́yìn pátápátá níbi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ. Ìgbátí rẹ̀ kò rí oòrùn fún ọjọ́ kan.

Kò sì pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Nígbà tí wòlímọ̀ tèmi dé, n kò ní ìyá. Ẹ óò sọ pé ta ló wá fi ìgbátí sí i fún mi? Ìyálé ni. Ó gé etí ìró rẹ̀ kan tó ti gbó, kì í ṣe àrán, ó rán an, kò ṣàlàyé. N kò bi í léèrè. Mo ti dàgbà báyìí ju bó ṣe dàgbà nígbà náà lọ, n kò sì tíì mọ ohun tí mo fẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń kéwú lọ́jọ́ náà, ìka mi kan wà lábẹ́ etí ẹ̀wù, ó ń wá ibi tí aṣọ ti le. Mo rí i. Mo di í mú títí àáfà fi ṣe àdúà parí. Aṣọ ìyá mi tó kù láyé nìyẹn. Àwọn tó kù, wọ́n ti pín in fún ẹbí, ó sì ti gbó.

Ẹ wá wo ohun tó ń lé mi kiri nínú ilé.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ń ṣe wòlímọ̀ lọ́dún yìí. Ìyá rẹ̀, ìyàwó ọmọ mi, òṣìṣẹ́ báńkì ni, ọmọ tó mọ́ tónítóní, kì í rí mi kó má kúnlẹ̀. Òun ló gbé àlùkíńbà kúrò nínú àpótí láìsọ fún mi. Ó ní òun fẹ́ fi ṣe mí ní súpíráìsì. Ó ní ẹ̀wù náà ń rùn káńfọ̀, etí rẹ̀ sì ti rí gbágungbàgun, ó wúwo jù fún ọmọ. Ó gbé e lọ bá télọ̀ kan ní Táńkẹ̀ tó ń ránṣọ fún àwọn ọmọ yunifásítì, pé kó bá òun sọ ọ́ di tuntun. Nígbà tó gbé e padà wá, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó dúró, ó ń retí kí n ṣàdúà fún òun.

Etí ẹ̀wù náà ti pẹlẹbẹ. Lésì wúrà tó ń dán yinrin ló wà níbẹ̀ yíká, èyí tí ẹ̀rọ rán.

N kò pariwo. Mo ní, "Àwọn aṣọ tó wà níbẹ̀ dà?"

"Màámi, wọ́n ti gbó. Télọ̀ ní òun ti bá wa tú u."

Ojúmọ́ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí mo ti wà nínú kẹ̀kẹ́. Ọmọ ọmọ mi tẹ̀ lé mi, ó ní òun kò lè jẹ́ kí n dá lọ. Gbogbo ọ̀nà Táńkẹ̀ kún fún àwọn ọmọ tó ń sáré lọ sí kíláàsì, oníkẹ̀kẹ́ ń yà fún wọn, ó ń dúró, ó ń kó wọn, mo sì ń fi ọwọ́ lu ìjókòó. Ó wẹ̀yìn wò mí, ó ní, "Àlàájà, ṣé ilé ìwòsàn là ń lọ ni?" Mo ní kó máa wo iwájú rẹ̀.

Télọ̀ náà kò ju ọmọbìnrin kan tí mo lè kọ́ níwèé lọ. Bí mo ti sọ ohun tí mo bá wá, ó ti kúnlẹ̀. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má bínú, mo rò pé àtúnṣe àwọn ará àtijọ́ lásán ni. Ó tó méje tàbí mẹ́jọ tó wà lórí ara wọn, ẹ̀rọ mi kò lè gùn ún." Mo ní níbo ló kó wọn sí. Ó tọ́ka sí òdìkejì títì. Àwọn mẹkáníìkì ni wọ́n máa ń wá kó àgékù aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti fi nu ọwọ́. Mo sọdá. Ọmọ ọmọ mi ń pè mí pé kí n rọra, mọ́tò ń bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdì àkísà kan nínú òróró mọ́tò, èmi tí mo ti dúró kọ́ni níwájú kíláàsì. Mo rí ohun tó ti lè jẹ́ sányán. Òróró dúdú ti mu ún yó, bí mo ti fà á, ó já sí mi lọ́wọ́ bí àkàṣù tó ti kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yà mí lẹ́nu. Ti ìyá mi nìkan kọ́ ni mò ń wá nínú àkísà yẹn. Mò ń wá ti gbogbo wọn. Mò ń wá sàtíìnì ẹni tó purọ́. Mò ń wá ti ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bí àwọn yẹn bá ti di ohun ìnuwọ́ mẹkáníìkì, ta ló kù tí èmi yóò fi ẹ̀tọ́ ìyá mi hàn?

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ń bẹ̀bẹ̀. Lára ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ ni tìmùtìmù kékeré kan wà, èyí tí wọ́n ń fi píìnì gún nígbà tí wọ́n bá ń wọn aṣọ síni lára. Ó pupa. Píìnì ti fi orí kún un bí irun òòrẹ̀.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Lára rẹ̀ náà ni, Mọ̀mí. Ó dára lójú mi. N kò fẹ́ kí wọ́n kó o lọ."

Àrán ìyálé ni. Ó kù bí àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó tú u fún mi, ó ń yọ píìnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé èyí tí wọ́n pa láró ńkọ́, kíjìpá, tó le. Ó tẹjú mọ́ mi.

"Ìyẹn? Ìyẹn kọ̀, Mọ̀mí. Mo fi abẹ fà á títí. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti gbó, mo fà wọ́n yọ láti ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ìránṣọ tirẹ̀ ti wọnú ẹ̀wù, mo bẹ̀rù pé ẹ̀wù á ya. Mo kàn fi lésì bò ó mọ́lẹ̀ ni."

Mo jókòó sórí àga rẹ̀. Yàtọ̀ sí inú kẹ̀kẹ́, ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó láti àná. Ó tún ti fi nǹkan bò ó mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ṣe é pẹ̀lú ìgbéraga, ẹnì kejì ṣe é pẹ̀lú àìmọ̀, aṣọ kan náà ni, ibì kan náà.

Nígbà tí a délé, mo mú abẹ, mo tú lésì wúrà náà kúrò yíká. Kíjìpá náà yọ, ó dúdú, ó le, ẹsẹ̀ èèrà ìyá mi wà lórí rẹ̀ láìyẹ̀, kò sì sí ohunkóhun lórí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo gbé àrán ìyálé, mo gé e gún, mo sì rán an níbi ọrùn. Ẹ̀gbẹ́ kíjìpá ni mo fi í sí. Kì í ṣe orí rẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi, tí mo ti sọ ìtàn ọ̀já náà fún nínú kẹ̀kẹ́, ló ń bá mi ki òwú, ojú mi kò gbé e mọ́. Ó ní, "Màmá àgbà, ṣé obìnrin tó pe aṣọ ìyá yín ní àpò ẹlùbọ́ kọ́ ló ni èyí?" Mo ní òun ni. "Ẹ wá ti dárí jì í nìyẹn?" Mo ní n kò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Fa òwú yẹn wá.

Ó wá ku ìgbátí ti ìyá ọmọ. Ìyàwó ọmọ mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ ti wú. Mo bi í pé ọ̀já wo ló fi pọn ọmọ yìí. Ó ní òun kò fi ọ̀já pọ̀n ọ́n, nígbà tí òun bí i, àyà ni òun máa ń gbé e sí, nínú báàgì ìgbọ́mọ tí wọ́n rà ní ìsọ̀. Ó mú ọwọ́ tó fi pamọ́ sẹ́yìn jáde. Okùn báàgì náà ló gé wá, dúdú, fífẹ̀ bí ìka mẹ́ta, irú èyí tó ń dán bí ara ike, ibi tí wọ́n ti ń dè é ti gé kúrò.

"Èyí nìkan ló kù lára rẹ̀, Màámi. Bí kò bá dára, kí ẹ má wulẹ̀ lò ó."

Mo wo okùn náà. Mo wo àlùkíńbà. Ọ̀rọ̀ kan ti dé ètè mi. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mo ti gbé e nínú láti ìgbà tí mo wà ní ọmọdé, n kò mọ̀ pé èmi náà lè lò ó. Ó gbóná lẹ́nu mi. Ìyàwó ọmọ mi kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wo ẹní.

Ayé ti yí, ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí. Ẹlú kò sí lóko mọ́, obìnrin tó ń hun kíjìpá ti wọ́n, ọmọ ti kúrò lẹ́yìn ìyá, ó ti bọ́ síwájú àyà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń pe nǹkan ti ń di ohun tí à ń bi ara wa léèrè. Mò ń bínú sí i, n ó sì máa bínú sí i. Ṣùgbọ́n okùn yẹn ti gbé ọmọ. Sàtíìnì kò gbé ọmọ rí.

Mo rán ọmọ ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ aránbàtà pé kó bá mi yá abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó nípọn, nítorí tèmi kò lè gún okùn náà. Ìyàwó ọmọ mi bi mí, ohùn rẹ̀ kéré, pé ṣé inú ni kí òun rán an sí, àbí kí òun wá nǹkan tó rẹwà díẹ̀ fi bò ó, nítorí àlejò.

Mo ní, "Ìta ni kí o rán an sí."